Bí ẹ ṣe lè ya fọ́tò kẹ̀kẹ́ àti àwọn tó ń gùn ún

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ṣáá: “Kẹ̀kẹ́ mi rẹwà lójú, kí ló dé tó fi máa ń rí játijàti nínú fọ́tò?” Àwọn kan tilẹ̀ ti ra fóònù tuntun nítorí rẹ̀, síbẹ̀ fọ́tò kò yàtọ̀.

Ohun tó fà á ni pé ihò ló pọ̀ jù lára kẹ̀kẹ́ ológeere. Láàárín férémù, láàárín sípóòkù, lábẹ́ ìjókòó, ojú ń ríran kọjá níbi gbogbo. Bí ẹ bá ya ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọkọ̀ yóò bo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá ya kẹ̀kẹ́, ohun tó wà lẹ́yìn ni yóò kún inú rẹ̀. Tí ẹ bá mọ èyí nìkan, fọ́tò yín yóò ti sàn ju ti àná lọ, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, ihò yẹn ni wọ́n ń wá ojútùú sí.

Fóònù tó fún púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ibi tí kámẹ́rà gidi bá ti wúlò jù, màá sọ.

## Ẹ wo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó wo kẹ̀kẹ́

Kí ẹ tó yọ fóònù, ẹ wá ibi tí kẹ̀kẹ́ máa dúró sí. Ògiri aláwọ̀ kan ṣoṣo ló rọrùn jù. Bí kẹ̀kẹ́ bá dúdú, ẹ wá ògiri tó mọ́lẹ̀. Bó bá funfun tàbí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ wá èyí tó ṣókùnkùn díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ dúdú níwájú igbó kì í dára: táyà àti ìjókòó yóò wọnú òjìji ewé lọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí wọn mọ́.

Ẹ má fi kẹ̀kẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri, àfi tí ẹ bá dìídì fẹ́ kí òjìji rẹ̀ hàn sára ògiri náà. Ẹ gbé e síwájú tó mítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Ògiri yóò di bàìbàì díẹ̀, férémù yóò sì yọ jáde.

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì, ẹ fi ojú wá àwọn nǹkan wọ̀nyí láàárín férémù àti ní àyíká rẹ̀:

- òpó iná tàbí igi tó bọ́ sẹ́yìn ìjókòó gẹ́lẹ́, tó wá rí bí ẹni pé inú ìjókòó ló ti hù
- kẹ̀kẹ́ mìíràn lẹ́yìn, nítorí sípóòkù lórí sípóòkù kì í yé ojú
- ibi tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ti pàdé, tí ìlà rẹ̀ wá gba àárín ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tàbí àárín táyà kọjá
- koríko tó bo ìsàlẹ̀ táyà
- ike, bébà, àpò, ohunkóhun tí àwọ̀ rẹ̀ ń pariwo

Ògiri bíríkì dára, àmọ́ ó máa ń tú àṣírí. Bí fóònù bá tẹ̀ sápá kan díẹ̀ pẹ́rẹ́, ìlà bíríkì ni yóò kọ́kọ́ sọ fún gbogbo ayé.

## Ìmọ́lẹ̀

Ọjọ́ tí ìkùukùu bo oòrùn, tàbí abẹ́ òjìji ilé gíga, ló bá kẹ̀kẹ́ tó ń dán mu jù. Wákàtí kan lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ àti wákàtí kan kó tó wọ̀ náà dára, pàápàá bí ẹ bá fẹ́ kí òjìji gùn sílẹ̀. Ọ̀sán gangan ni kí ẹ sá fún. Lákòókò yẹn irin á máa tàn wàìwàì, òjìji dúdú tí férémù jù sílẹ̀ á sì di kẹ̀kẹ́ kejì lábẹ́ ti àkọ́kọ́.

Àwọn tó ní kámẹ́rà máa ń béèrè nípa fílítà polarizer, ìyẹn gíláàsì kan tí a ń fi sójú lẹ́ńsì. Ó wúlò: ó ń pa ìdán ojú ọ̀dà àti ti ilẹ̀ tó tutù. Ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan ṣe sí ìdán irin tí a kò kùn ní ọ̀dà. Fún irú irin bẹ́ẹ̀, ibi tí ẹ dúró sí ni kí ẹ yí padà. Ẹ sì wo ara agogo kẹ̀kẹ́ dáadáa, ẹ lè bá ara yín níbẹ̀.

## Ẹ múra kẹ̀kẹ́ sílẹ̀

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi ẹwà kẹ̀kẹ́ hàn, tàbí ẹ fẹ́ tà á:

- Ẹ fi aṣọ tútù nu férémù, rímù àti abẹ́ ìjókòó.
- Apá ọ̀tún, níbi tí ṣéènì wà, ni kó kọjú sí yín.
- Ẹ gbé ṣéènì sórí jíà tó tóbi jù níwájú àti ọ̀kan nínú àwọn kéékèèké lẹ́yìn, kí ó má bàa rọ̀ jọwọlọ.
- Ẹ jẹ́ kí apá pẹ́dàlì ọ̀tún nà síwájú, kó dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Èyí tó tọ́ka sísàlẹ̀ tààrà máa ń dà bí ohun tí a gbàgbé.
- Táyà iwájú gbọ́dọ̀ gún régé.
- Ẹ yí táyà méjèèjì títí ẹnu tí a ń gbà fa afẹ́fẹ́ sí wọn yóò fi wà nísàlẹ̀, lójú kan náà.
- Ẹ yọ àpò, kọ́kọ́rọ́, ìgò omi àti iná tí a kàn fi rọ́bà so mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu táyà yẹn lè dà bí àṣejù. Àṣejù ni lóòótọ́, bí kẹ̀kẹ́ bá ń ṣiṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ tó ní apẹ̀rẹ̀ níwájú, tí ẹrẹ̀ gbẹ mọ́ lára, tí wọ́n fi okùn di ẹrù sẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́, ẹ ti fọ ohun tí ẹ wá yà dànù.

## Kẹ̀kẹ́ kò lè dá dúró, kí la fẹ́ ṣe?

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà. Ẹ yan èyí tó bá ibi tí ẹ wà mu.

Igi tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ gé igi tó ga tó ibi tí pẹ́dàlì òsì wà, kí ẹ fi gbé e ró láti ẹ̀yìn. Ẹ sún un títí kò fi ní hàn púpọ̀ lójú yín. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú, afẹ́fẹ́ kò sì gbọdọ̀ máa fẹ́. Òun ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹni kan ṣoṣo lè dá a ṣe.

Ẹnìkejì. Ó di ìjókòó mú láti ẹ̀yìn, ó jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ gún, ó fi sílẹ̀, ó yẹra, ó tún dì í mú kó tó ṣubú. Ẹ̀yin ti gbọ́dọ̀ máa ya léraléra kí ó tó fi í sílẹ̀, nítorí àkókò yẹn kì í ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ.

Ògiri. Táyà ẹ̀yìn àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni kó kan ògiri, kì í ṣe férémù. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ẹ ti pàdánù àlàfo mítà mẹ́ta tí mo sọ lókè.

Irin ìdúró tó wà lára kẹ̀kẹ́. Irin yìí máa ń jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ tẹ̀ sí òsì. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ kan sábẹ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ á dìde díẹ̀ sí i. Kí pákó náà má ṣe nípọn jù, kó má bàa ti kẹ̀kẹ́ ṣubú sí apá kejì.

Èyí tó wù kí ẹ lò, ẹ fi rọ́bà dúdú di irin bíréèkì mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kí táyà má bàa máa yí. Rọ́bà dúdú kì í hàn nínú fọ́tò.

Ìkìlọ̀: Bí kẹ̀kẹ́ bá ṣubú sí apá ọ̀tún, irin tó ń pààrọ̀ jíà lẹ́yìn ló sábà máa ń tẹ̀. Bí férémù bá sì jẹ́ kábọ̀n, ó lè sán síbi tí ojú kò lè rí. Ẹ má lo ọ̀nà kejì fún kẹ̀kẹ́ olówó ńlá tí kì í ṣe tiyín.

## Fọ́tò ẹ̀gbẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

1. Ẹ sún sẹ́yìn. Ẹ dúró tó mítà mẹ́rin sí márùn-ún sí kẹ̀kẹ́, kí ẹ wá lo súùmù. Lórí kámẹ́rà full-frame (èyí tí sensor rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, tóbi), lẹ́ńsì 70mm sí 85mm ló bá a mu. Lórí kámẹ́rà tí sensor rẹ̀ kéré sí i, 50mm tó. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn jù pẹ̀lú lẹ́ńsì tó ń ríran gbòòrò, táyà tó wà nítòsí yín á wú, èyí tó jìnnà á sún kì.

2. Ẹ lóṣòó. Ojú lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ wà ní déédéé àárín kẹ̀kẹ́, ìwọ̀n 50 sí 60 sẹ̀ǹtímítà láti ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró ní ìnàró yà á, tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á fi tóbi, tí táyà á sì kéré. Bí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ yí fóònù padà kí lẹ́ńsì rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ẹ wá tẹ̀ ba díẹ̀.

3. Ẹ dojú kọ ọ́ gbọnrangandan. Ẹ wo táyà méjèèjì. Wọ́n gbọ́dọ̀ rí roboto, kí wọ́n sì dọ́gba. Bí ọ̀kan bá ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, ẹ ti yà sápá kan. Ẹ rìn díẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì títí yóò fi tọ́.

4. Ẹ fi fókọ́ọ̀sì sára irin, ẹ má fi sínú ihò. Ibí ni ọ̀pọ̀ fọ́tò ti ń bàjẹ́. Ẹ tẹ àárín ojú fóònù, àárín yẹn sì jẹ́ ihò férémù, nítorí náà ògiri ẹ̀yìn ni kámẹ́rà ń wò. Ibi tí apá pẹ́dàlì ti wọnú férémù ni kí ẹ tẹ̀. Lórí fóònù, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí fókọ́ọ̀sì àti ìmọ́lẹ̀ má bàa yí padà mọ́.

5. Ẹ tún ìmọ́lẹ̀ ṣe. Kámẹ́rà máa ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà láàárín dúdú àti funfun. Níwájú ògiri funfun, á sọ ògiri di àwọ̀ eérú. Ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ sókè pẹ̀lú +0.7 sí +1. Bí kẹ̀kẹ́ dúdú bá kún gbogbo fọ́tò, á sọ dúdú náà di eérú. Ẹ gbé e sílẹ̀ pẹ̀lú −0.3 sí −0.7.

6. Fún kámẹ́rà nìkan: ojú lẹ́ńsì ní f/4 sí f/5.6 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ojú náà ṣe ń ṣí tó), shutter, ìyẹn ilẹ̀kùn inú kámẹ́rà, ní 1/125 ìṣẹ́jú àáyá tàbí kó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra tó) tó kéré jù tó ṣeé lò. Ẹ má ṣí ojú lẹ́ńsì dé f/1.8 torí pé ẹ fẹ́ kí ẹ̀yìn di bàìbàì. Pẹ́dàlì tó yọ síwájú àti etí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lè bá a di bàìbàì.

7. Ẹ fi àyè sílẹ̀. Táyà kò gbọdọ̀ kan etí fọ́tò. Ẹ fi àyè tó pọ̀ díẹ̀ síwájú kẹ̀kẹ́ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

8. Ẹ yà á, kí ẹ sì sọ ọ́ di ńlá lójú ibẹ̀. Ẹ wo sípóòkù, ẹ wo orúkọ tó wà lára férémù. Ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ kúrò títí tí yóò fi dá yín lójú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lè ya ti iwájú láti igun, àti àwọn ibi kéékèèké: awọ ìjókòó tó ti gbó, eyín jíà, ibi tí ọ̀dà ti bó. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti sún mọ́ ọn, nítorí ihò kò sí níbẹ̀ mọ́.

## Àwọn tó ń lo fóònù, ẹ fetí sí èyí

Ẹ pa portrait mode, ètò inú fóònù tó ń sọ ẹ̀yìn di bàìbàì. Fóònù ló ń fi ìṣirò pinnu ohun tó wà níwájú àti ohun tó wà lẹ́yìn, sípóòkù sì máa ń dà á láàmú. Á fi àwọn kan sílẹ̀, á pa àwọn kan rẹ́, ògiri tó wà láàárín férémù á mọ́ kedere nígbà tí èyí tó wà níta férémù ti di bàìbàì. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀yìn di bàìbàì, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ jìnnà sí ògiri, kí ẹ sì lo lẹ́ńsì súùmù tó wà lára fóònù.

Bí fóònù yín kò bá ní lẹ́ńsì súùmù tirẹ̀, ẹ má fi ìka fẹ̀ ẹ́ kọjá ìlọ́po méjì. Ó sàn kí ẹ yà á bẹ́ẹ̀, kí ẹ gé etí rẹ̀ kúrò nígbà tó bá yá.

Ẹ nu lẹ́ńsì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá ìka ló ń sọ ìmọ́lẹ̀ di èéfín.

## Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ: ẹ dá a dúró, tàbí ẹ tẹ̀lé e

Shutter ni ilẹ̀kùn inú kámẹ́rà. Bó bá yára ṣí tó sì yára pa dé, ohun tó ń sáré á dúró sójú kan nínú fọ́tò. Bó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó pa dé, ohun tó ń lọ á fa ìlà.

Láti dá a dúró:

- ẹni tó ń kọjá níwájú yín láti ọ̀tún sí òsì: 1/1000
- ẹni tó ń bọ̀ wá bá yín tààrà: 1/500
- ẹni tó rọra ń lọ láàárín èrò: 1/250

Mi ò kì í lo 1/2000 fún ẹni tó ń lọ sí ibi iṣẹ́ tàbí ọjà. Gbogbo sípóòkù á dúró gbagidi, kẹ̀kẹ́ á wá rí bí èyí tí wọ́n gbé ró síbẹ̀, tí ẹnì kan sì lọ jókòó lé e lórí. Ní 1/250, ojú rẹ̀ á mọ́, sípóòkù á rú díẹ̀, ẹni tó ń wo fọ́tò á sì mọ̀ pé ó ń lọ.

Láti tẹ̀lé e, ìyẹn ni kí ẹ máa yí kámẹ́rà bó ṣe ń kọjá, kí òun mọ́ kedere, kí ẹ̀yìn sì di ìlà gbọọrọ:

1. Ẹ wá ibi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ń kọjá ní ìlà tó gún, mítà márùn-ún sí mẹ́wàá sí yín. Níbí nìkan ni ẹ̀yìn játijàti ti lè ràn yín lọ́wọ́: ewé, ìsọ̀, ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ á di àwọ̀ tó ń ṣàn. Ohun tí ẹ máa sá fún ni ojú ọ̀run funfun tó ń yọ láàárín igi, torí ìlà funfun á gé ẹni náà sí méjì.
2. Ẹ gbé shutter sí 1/60. Fún ẹni tó ń sáré gan-an, 1/125 tó. Nígbà tí ọwọ́ yín bá ti mọ́ ọn, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 1/30.
3. Ẹ sọ ISO kalẹ̀ sí 100. Bí oòrùn bá ṣì pọ̀ jù, ẹ pa ojú lẹ́ńsì dé f/11 tàbí f/16. Fílítà polarizer náà á dín ìmọ́lẹ̀ kù.
4. Ẹ yan autofocus (fókọ́ọ̀sì tí kámẹ́rà ń ṣe fúnra rẹ̀) tí kì í dáwọ́ dúró. Lára Nikon àti Sony, AF-C ni. Lára Canon, Servo ni.
5. Ẹ kọ ẹsẹ̀ méjèèjì sí ibi tí ẹ fẹ́ ya ẹni náà sí, kí ẹ wá yí ìbàdí padà sí ibi tó ti ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ara yín á fi máa tú bọ̀ sípò, kì í ṣe pé á máa lọ́.
6. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e látòkèèrè. Ẹ fi orí rẹ̀ sí ibì kan nínú fọ́tò, kí ẹ má jẹ́ kó kúrò níbẹ̀.
7. Nígbà tó bá dé iwájú yín, ẹ tẹ bọ́tìnì pẹ̀lẹ́ fún mẹ́ta sí mẹ́rin léraléra.
8. Ẹ má dúró. Ẹ máa yí lọ lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ tán. Àwọn tó ń dúró ní kété tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì ni fọ́tò wọn kì í mọ́.

Púpọ̀ nínú wọn yóò bàjẹ́, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ẹ wo ojú ẹni náà tàbí orúkọ tó wà lára férémù: bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá mọ́, ẹ pa fọ́tò náà mọ́. Ẹsẹ̀ àti táyà á rú, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Àwọn onífóònù, oòrùn ni ọ̀tá yín níbí. Fóònù tó wà ní auto á sọ shutter di kíákíá bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, ẹ̀yìn kò sì ní fa ìlà kankan. Ẹ ṣí Pro mode bó bá wà, kí ẹ yan 1/60 fúnra yín, tàbí kí ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tún kù. Nígbà tí ẹsẹ̀ tó wà níhà ọ̀dọ̀ yín bá wà nísàlẹ̀, á nà, férémù á sì hàn lókè rẹ̀. Nígbà tí orúnkún yẹn bá wà lókè, á bo férémù, ẹni náà á sì dà bí ẹni tó ká jọ. Ẹ ò lè rí i fi ojú mú, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ya mẹ́ta sí mẹ́rin léraléra.

## Ìgbésí ayé ojoojúmọ́ lórí kẹ̀kẹ́: ẹ yan ibi, kí ẹ dúró

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé àwa ayàwòrán máa ń sáré tẹ̀lé oníkẹ̀kẹ́. Ó ti lọ kí a tó gbé kámẹ́rà dójú, a ó sì ya ẹ̀yìn tí a kò yàn. Ẹ yí i padà: ẹ wá ẹ̀yìn tó dára, ẹ tọ́ ìmọ́lẹ̀ àti fókọ́ọ̀sì sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí oníkẹ̀kẹ́ wá bá yín níbẹ̀.

Ní 1932, ní ìlú Hyères ní ilẹ̀ Faransé, ayàwòrán ará Faransé kan, Henri Cartier-Bresson, ya ẹnì kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn kan. Láti òkè ló ti yà á. Àtẹ̀gùn náà àti irin tó yí i ká hàn ketekete. Oníkẹ̀kẹ́ nìkan ló rú. Bí ẹ bá rí fọ́tò náà, ẹ fi ọwọ́ bo oníkẹ̀kẹ́ lójú: ohun tó kù ṣì lágbára. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa wá.

Ibi tó dára láti dúró dè wọ́n:

- ẹnu ọ̀nà tóóró tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé láti apá kan
- ẹ̀bá omi òjò tó dá rògún sílẹ̀, bí ẹ bá gbé fóònù sún mọ́ ilẹ̀ gan-an
- orí afárá tàbí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ẹ ó ti máa wò wọ́n láti òkè. Níbẹ̀ ilẹ̀ ni ẹ̀yìn yín, ilẹ̀ sì máa ń mọ́ tónítóní
- ibi iná ìdarí ọkọ̀, nítorí wọ́n á dúró fúnra wọn

Kì í ṣe ìgbà tí kẹ̀kẹ́ ń sáré nìkan ni ìgbésí ayé wà. Ẹni tó ń so kẹ̀kẹ́ mọ́ òpó, ẹni tó dojú kẹ̀kẹ́ dé tó ń lẹ táyà, bàbá tó di ìjókòó mú tó ń sáré tẹ̀lé ọmọ tó ń kọ́, obìnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ lọ nítorí ẹrù ti pọ̀ jù, ọ̀rẹ́ méjì tó dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Ọwọ́ nìkan lórí bíréèkì tó fọ́tò kan. Bí ẹrù bá ni ohun tó fà yín mọ́ra, ẹ yà á láti ẹ̀yìn. Ojú ẹni náà kò pọn dandan.

## Àṣẹ àti ààbò

Òfin nípa yíya ẹlòmíràn ní gbangba kò rí bákan náà kárí ayé. Ní Jámánì, fún àpẹẹrẹ, òfin kan tó ti wà láti 1907 ní kí ẹni tó wà nínú àwòrán fọwọ́ sí i kí a tó gbé e síta, àfi ní àwọn ìgbà tí òfin náà yọ sílẹ̀, irú bí ìgbà tí ẹni náà kàn bọ́ sínú àwòrán ibì kan. Ẹ wádìí ti ibi tí ẹ wà.

Níbi gbogbo, ẹ bi àwọn òbí kí ẹ tó ya ọmọ wọn. Bí ẹnì kan bá gbé ọwọ́ sókè pé òun kò fẹ́, ẹ sọ kámẹ́rà kalẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín sí i, ẹ pa fọ́tò náà rẹ́ níṣojú rẹ̀ bó bá béèrè. Bó sì bá fẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí i.

- Ẹ má dúró lórí ọ̀nà àwọn oníkẹ̀kẹ́, bó ti wù kí igun náà dára tó.
- Ẹ má bẹ́ jáde sí wọn lójijì. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì iwájú lójijì nítorí yín lè takìtì.
- Ẹ má fi fíláàṣì sójú ẹni tó ń gùn bọ̀ lálẹ́.
- Ẹ má yà nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín wà lórí kẹ̀kẹ́ tó ń lọ. Ẹ dúró, ẹ fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀, kí ẹ tó yọ fóònù.

## Lálẹ́

Bí iná kẹ̀kẹ́ bá ń ṣẹ́jú, ẹ ní kí oníkẹ̀kẹ́ tàn án kó dúró láìṣẹ́jú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa kú nínú ìdajì fọ́tò yín. Fíláàṣì máa ń ta padà lára ohun pupa tàbí funfun tó ń dán lára pẹ́dàlì, táyà àti aṣọ, á sì di bọ́ọ̀lù funfun nínú fọ́tò. Ẹ pa á, kí ẹ wá ibi tí iná ìsọ̀ tàbí ti òpó ti ń tàn wá láti ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó dúró rọrùn lálẹ́ ju ẹni tó ń lọ.

## Nígbà tí ẹ bá ti darí dé ilé

Ẹ kọ́kọ́ tọ́ fọ́tò tó tẹ̀. Ilẹ̀ tí táyà méjèèjì fẹsẹ̀ lé ni ìwọ̀n yín. Lẹ́yìn náà ẹ gé etí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má gé e débi tí táyà á fi kan ẹ̀gbẹ́. Ẹ má gbé sharpening (ohun tó ń mú kí etí nǹkan hàn ketekete) ga jù: ìlà funfun á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo sípóòkù. Ẹ pa fọ́tò àtilẹ̀wá mọ́ láìfọwọ́ kàn án.

## Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ tà á, tàbí ẹ ń ṣọ́ra fún olè

Ẹwà kọ́ ni iṣẹ́ fọ́tò yìí, ẹ̀rí ni. Ẹ ya:

- apá ọ̀tún, apá òsì, iwájú, ẹ̀yìn
- eyín jíà àti ṣéènì láti tòsí
- ojú rímù níbi tí bíréèkì ti ń gbá a
- gbogbo ibi tó ti họ tàbí tó ti tẹ̀, láìbò ó
- nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ kọ sára férémù. Abẹ́ ibi tí irin pẹ́dàlì ti gba inú férémù kọjá ló sábà máa ń wà. Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé, kí ẹ tan iná láti ẹ̀gbẹ́ kí nọ́ńbà lè yọ

Fọ́tò nọ́ńbà yẹn, tiyín nìkan ni. Ẹ má gbé e síta. Bí ẹ bá ń polówó kẹ̀kẹ́, ẹ má yà á níwájú ilẹ̀kùn yín tí nọ́ńbà ilé wà lára rẹ̀, ẹ sì yọ àdírẹ́sì tí fóònù máa ń fi pamọ́ sínú fọ́tò kí ẹ tó fi í ránṣẹ́.

Ẹ fi ẹ̀dà àwọn fọ́tò wọ̀nyí sí ibòmíràn yàtọ̀ sí fóònù, torí olè tó gbé kẹ̀kẹ́ lè gbé e pẹ̀lú àpò tí fóònù wà nínú rẹ̀.